Ta lẹ máa ń pè tẹ́ ẹ bá bi ìbéèrè ní kíláàsì, ọkùnrin àbí obìnrin? Ẹ wá wo ohun tí mo rí

Àbẹ̀kẹ́_Onímátíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ ń jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí torí tíṣà pọ̀ níbí, òbí náà sì pọ̀. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, súkúù ìjọba, mátíìsì ni mò ń kọ́ àwọn JSS2 àti JSS3. Èmi àti tíṣà kan tó ń kọ́ wọn ní Basic Science la jọ fẹnu kò pé ká máa wọ kíláàsì ara wa, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn pátápátá kó máa wo ẹnì kejì, lẹ́yìn náà ká wá sọ òótọ́ fún ara wa. Kì í ṣe inspẹ́kítọ̀ ló rán wa níṣẹ́ o, àwa fúnra wa la fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe NCE á rántí ọ̀nà Flanders tí wọ́n kọ́ wa, èyí tá a fi ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, tíṣà àbí ọmọ. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 3 wàá kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, 1 dé 7 fún ọ̀rọ̀ tíṣà, 8 nígbà tí ọmọ bá ń dáhùn, 9 nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ wá, 10 fún ìdákẹ́jẹ́ tàbí ìdàrúdàpọ̀. Ó wúlò gan-an, ó máa ń jẹ́ kéèyàn rí i pé tíṣà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ bí mo ṣe gbé e jáde báyìí ni mo rí i pé nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí ìkankan tó bi ẹ́ pé ọmọ wo ló sọ̀rọ̀. Mo bá fa ìlà sáàárín bébà mi, ọkùnrin lápá òsì, obìnrin lápá ọ̀tún, tí wọ́n bá ti pe ọmọ kan mo fa igi kan.

Obìnrin 29, ọkùnrin 25 ló wà ní kíláàsì yẹn. Nígbà tí agogo lù, igi 23 ló wà lápá ọkùnrin, 8 lápá obìnrin. Mo rò pé mo ṣì í kà ni, mo tún un kà. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé obìnrin ni tíṣà yẹn o, ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí, òun ló sì máa ń jà tí wọ́n bá ní kí àwọn obìnrin nìkan máa gbálẹ̀ kíláàsì.

Kì í wá ṣe iye yẹn ló dùn mí jù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdáhùn ni. Tí ọmọkùnrin bá gbà á, tíṣà á ní "kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ṣàlàyé fún wọn." Tó bá ṣì í, "rò ó dáadáa, o ti fẹ́ débẹ̀." Tí ọmọbìnrin bá gbà á, "very good, jókòó." Tó bá ṣì í, "ó dáa, jókòó, ta ló máa ràn án lọ́wọ́?" Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, kò fẹ́ kójú ti ọmọ yẹn. Àmọ́ àwọn ọkùnrin ló ń gba ìbéèrè kejì, inú ìbéèrè kejì yẹn gan-an sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Lọ́jọ́ kejì òun náà wá jókòó sí tèmi. Mo ti mọ ohun tá à ń wá, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, 19 sí 11. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ti rí ní tiyín?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ àmọ́ mi ò rò pé ẹ̀bi tíṣà ni. Mo kọ́ wọn ní physics fún ọdún 4 kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Wàá bi ìbéèrè, kó o tó pa ẹnu dé ọkùnrin mẹ́wàá ti nawọ́, wọ́n ń ta ìka, "èmi sà! èmi sà!", òmíràn ti dìde dúró tán. Àwọn obìnrin á jókòó, wọ́n á máa wo ìwé. Ta ni kí n wá pè? Ṣé kí n fi ẹni tó fẹ́ dáhùn sílẹ̀ kí n wá máa fipá mú ẹni tí ò fẹ́? Síláàbọ́ọ̀sì gùn, mínìtì 40 ni wọ́n fún mi, tí WAEC bá dé wọn ò ní bi mí pé ta lo pè ta ni o ò pè.

Àbẹ̀kẹ́_Onímátíìsì

@Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ ṣé sà, ọ̀rọ̀ síláàbọ́ọ̀sì yẹn, mo mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, tí mi ò lè rí láéláé ká ní iwájú ni mo dúró sí.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Ó nawọ́. Àmọ́ ìgúnpá ẹ̀ wà lórí tábìlì, ọwọ́ ọ̀hún ò ga ju etí ẹ̀ lọ, ó wá fi ọwọ́ kejì di apá yẹn mú bíi pé ó wúwo. Kò ta ìka, kò sọ pé èmi mà, ojú tíṣà ló ń wò. Tíṣà yíjú sápá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun tábìlì. Ọmọbìnrin yẹn rọra sọ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀, ó fi tún kọ́là yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣe bíi pé torí ìyẹn ló ṣe gbé e sókè tẹ́lẹ̀. Kò nawọ́ mọ́ títí agogo fi lù. Nígbà tí mò ń jáde mo yọjú wo ìwé ẹ̀. Ìdáhùn yẹn wà níbẹ̀, ó gbà á.

Ẹ ní wọn kì í nawọ́. Ọmọ yìí nawọ́ o. Ọwọ́ tó bá ga jù lọ nìkan lojú tiwa máa ń rí.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára débi pé mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ìbejì ni mo bí, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin, Primary 5 ni wọ́n wà, kíláàsì kan náà, tíṣà kan náà. Mo lọ kó ìwé mátíìsì àwọn méjèèjì, mo tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìṣirò kan náà, ibì kan náà sì làwọn méjèèjì ti fo nǹkan tó yẹ kí wọ́n kọ. Nínú ti Táyé, tíṣà fi bíró pupa fa ìlà sí i, ó bi í pé ibo lo ti rí 12, lọ ṣe é kí n rí i. Nínú ti Kẹ́hìndé ó fa máàkì sí i pé ó gbà á, ó kọ ọ́ pé ìwé ẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ya ìràwọ̀ sí i. Inú èmi fúnra mi máa ń dùn sáwọn ìràwọ̀ yẹn, mo máa ń fi han bàbá wọn.

Mo pe Kẹ́hìndé, mo ní ibo lo ti rí 12 yìí? Ojú ẹ̀ yí padà, ó ní "Mọ́mì, ṣé mo ṣì í ni?" Ẹ gbọ́ o. Ọmọ mi gbà pé tí wọ́n bá ti bi òun léèrè, òun ti kùnà nìyẹn. Táyé tí wọ́n ń bi lójoojúmọ́ ò rò bẹ́ẹ̀ rárá, á kàn máa ṣàlàyé ni, kódà níbi tó ti ṣì í. Inú oyún kan náà làwọn méjèèjì ti wá, ọmú kan náà ni wọ́n mu.

Bàbá_Tíṣà_Ìlá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó fi sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ohun tó o rí yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fi ìlà kẹta kún bébà rẹ. Ya ìgbà tí wọ́n pe ọmọkùnrin láti dáhùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà tí wọ́n pè é láti bá a wí. Àwọn ọmọkùnrin ló ń gba ìbéèrè, àwọn náà ló ń gba pàṣán. Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì nígbà kan, àfi ká pe orúkọ ẹ̀ ṣáá láàárọ̀: "Dìde! Kí lò ń jẹ lẹ́nu? Bọ́ síta! Kúnlẹ̀!" Tí o bá fa igi fún gbogbo ẹ̀, wàá sọ pé òun ni tíṣà fẹ́ràn jù. Ọmọ yẹn ò parí JSS3. Ó ń dùn mí dòní, torí orí ẹ̀ pé.

Ti àwọn obìnrin tún ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń pàdánù, tí igi tẹ́ ẹ̀ ń fà ò lè mú. Ta ni wọ́n ń rán lọ kó ìwé ní staffroom? Ta ni wọ́n ń rán lọ fọ abọ́ oúnjẹ tíṣà? Tí tíṣà obìnrin bá gbé ọmọ wá síbi iṣẹ́ tọ́mọ sì ń ké, ta ni wọ́n ń pè jáde kúrò nínú ẹ̀kọ́ kó wá pọ̀n ọ́n? Mo ti rí ọmọbìnrin tó pọn ọmọ tíṣà ní gbogbo pírẹ́ọ̀dù English, wọ́n wá ní kò mọ English.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún 6 tí wọ́n lò ní prámárì, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ tó dá dúró. Ní tèmi, lọ́jọ́ tí mo bá fi Yorùbá bi ìbéèrè, àwọn ọmọbìnrin tí mo rò pé wọn ò lóhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìṣirò kọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, wọn ò fẹ́ ta gbàgáùn lójú gbogbo èèyàn káwọn ọkùnrin wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di àkókò ìsinmi.

Adéọlá_Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi, mo kí yín pẹ̀lú orúnkún. Teaching assistant ni mí ní London, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé nǹkan yìí ò mọ sí Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, Myra àti David Sadker, tọkọtaya ni wọ́n, jókòó sí kíláàsì tó lé ní 100 láti àwọn ọdún 1980, wọ́n ń kọ ẹni tí tíṣà bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí ọmọkùnrin bá pariwo ìdáhùn láì gba àyè, tíṣà á gbọ́ tiẹ̀, tí obìnrin bá ṣe é, wọ́n á ní kó nawọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láì la ẹnu.

Níbi tí mo wà, orí igi pẹlẹbẹ bíi ti áíìsìkirîmù ni wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, tíṣà á yọ ọ̀kan, ẹni tí igi ẹ̀ bá jáde ló máa dáhùn. Dylan Wiliam, ọ̀jọ̀gbọ́n kan nípa ètò ẹ̀kọ́, ló polongo rẹ̀ gan-an níbí, wọ́n tiẹ̀ fi í hàn lórí BBC ní 2010. Ó dáa. Àmọ́ mo ti rí i tí tíṣà yọ igi ọmọbìnrin kan, ọmọ yẹn ò tíì mí tíṣà ti sọ pé "má ṣèyọnu" ó yọ òmíràn. Igi mú ọ̀rọ̀ ẹni tá a ń pè kúrò, kò mú ọ̀rọ̀ sùúrù kúrò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe ló wádìí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1970, pé lẹ́yìn tí tíṣà bá bi ìbéèrè, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra ẹ̀, tó bá wá lè dúró fún 3, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. 3 péré!

Ọmọ_Kétu

Mo kí yín láti ilẹ̀ Benin. Àwa tá a fi Faransé kàwé, tá a bá ń kọ nǹkan tá a rí ní kíláàsì sílẹ̀, èdè yẹn á fipá mú wa sọ bóyá akọ ni àbí abo. Yorùbá ò fipá mú ẹnikẹ́ni. "Wọ́n pè é, ó dáhùn, wọ́n ní kó jókòó." Ta ni? Tẹ́ ẹ bá ka àkọsílẹ̀ yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ò ní mọ̀. Mo fẹ́ràn "ó" tiwa yẹn o, kì í yà wá sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ máa kọ ọkùnrin tàbí obìnrin ní gbogbo ìgbà, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tó jókòó sí.

Àdùnní_Enjiníà

Súkúù obìnrin nìkan ni mo lọ, ní Èkìtì. Níbẹ̀, àwa la ń ta ìka, àwa la ń gun bẹ́ǹṣì, àwa la ń pariwo "èmi mà" débi pé prínsípà á wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé obìnrin máa ń dákẹ́ ní kíláàsì àfi ìgbà tí mo dé yunifásítì, a ò ju 6 lọ láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Lẹ́kíṣọ́rà kan wà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bú mi rí. Á bi àwọn ọkùnrin pé kí lẹ máa ṣe tí bíìmù yìí bá ṣẹ́. Tó bá kàn mí á rẹ́rìn-ín, á ní "Madam, ṣé ó yé yín báyìí?" Odindi ọdún 5, ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ni sà" nìkan jẹ́ ìdáhùn ẹ̀ ló ń bi mí. Nígbà tí mo dé ojú iṣẹ́ gan-an ni mo tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni, ó sì ná mi ní nǹkan púpọ̀.

Mo máa ń ronú nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams, ọmọ Wọ́rì, Queen's College ní Èkó ló lọ. Ní 1963 ó gba oyè dókítà lórí ẹ̀kọ́ mátíìsì ní Yunifásítì Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè yẹn, ní 1985 ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ VC ní orílẹ̀-èdè yìí, ní Yunifásítì Benin. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ó ní orí pípé. Èmi máa ń fẹ́ mọ tíṣà tó kọ́kọ́ sọ fún un pé "ó gbà á, àmọ́ báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Mo padà wá. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé ìbejì yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo gbà pé mi ò kì í bi àwọn ọmọbìnrin ní ìbéèrè kejì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí kan tẹ́nìkan ò tíì sọ. Tíṣà ọkùnrin ni mí nígbà yẹn, mi ò tíì pé 30. Tí n bá dúró ti ọmọbìnrin kan ní SS2, tí mo bi í lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kíláàsì á ti máa hó "húùùù", tó bá di ọ̀sán wọ́n á ti kọ orúkọ àwa méjèèjì sára ògiri. A ti gbọ́ ohun tí àwọn tíṣà burúkú ń ṣe, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má kà mí mọ́ wọn. Mo wá ń sáré kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ọmọ yẹn ni. Mo ń rí i báyìí pé òun ló jìyà ẹ̀.

Bàbá_Tíṣà_Ìlá

Ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ ọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gbé e sínú. Ọ̀nà tí mo gbé e gbà ni pé gbogbo ọmọ ni mò ń bi ní ìbéèrè kejì, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀, ní gbangba, níwájú bọ́ọ̀dù. Tó bá ti di àṣà kíláàsì, ariwo "húùù" á tán fúnra ẹ̀. Má ṣe fi réjísítà pè wọ́n o. Nínú réjísítà tiwa ọkùnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó kan obìnrin. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, agogo á ti lù.

Àbẹ̀kẹ́_Onímátíìsì

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ìdánwò ló gbà mí lọ́wọ́. Mo fọ agolo mílíìkì ńlá kan, mo kọ orúkọ àwọn 54 sí bébà kéékèèké, mo kó o sí i. Bàbá, mo ti fi ìlà tẹ́ ẹ sọ kún un, ìbáwí ti ní àyè tiẹ̀, mo sì rí i pé ọmọkùnrin mẹ́ta kan wà tó jẹ́ pé mi ò bá wọn sọ nǹkan mìíràn ju kí wọ́n dákẹ́ lọ. Ìyẹn náà ń dùn mí, mò ń ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, angle la ń ṣe, ìlà méjì tó sáré tẹ̀ lé ara wọn láì pàdé (parallel lines), tí ìlà kan gé wọn kọjá. Mo ti ọwọ́ bọ agolo, orúkọ ọmọ ẹ̀gbẹ́ wíńdò yẹn ló jáde. Ó dìde. Kò sọ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú mi, ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó gùn! Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé jókòó. Àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ "èmi mà", mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sókè sí wọn láì wo ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rin, àrún. Ó ní "70, mà." Ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo ní ó gbà á, báwo lo ṣe mọ̀? Ojú ẹ̀ fò sí mi bíi ti Kẹ́hìndé yín yẹn. Mo ní o ò ṣì í o, ọ̀nà tó o gbà débẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Ó rìn wá síwájú, ó gba ṣọ́ọ̀kì, kò gba ibi tí mo kọ́ wọn gbà, ńṣe ló yọ 110 kúrò nínú 180 lórí ìlà kejì, ó wá fi ọwọ́ fa igun yẹn gòkè sí ìlà àkọ́kọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ó fẹ́ jókòó, ó dúró, ó yíjú padà, ó ní "Mà, tí ìlà méjèèjì ò bá wá sáré tẹ̀ lé ara wọn ńkọ́, ṣé 70 yẹn á ṣì jẹ́ 70?"

Ẹnìkejì mi wà lẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tó fún mi ní bébà ẹ̀, mo rí i pé ó kọ 9 sápá obìnrin, ó fi bíró yí i po lẹ́ẹ̀mejì.